Ìlà Abẹ́ Lẹ́tà

Ajé, 26 Oṣù Kẹjọ 1996

Kọ̀ǹpútà dé. Òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà láti Yábàá. Ẹ̀gbọ́n Síkírù bọ́ bùbá ọrùn wọn bo àpótí náà, wọ́n sì fi síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan wọ Musin. Àwọn mẹkáníìkì iwájú ṣọ́ọ̀bù ń pariwo pé, “Alhaji Onítẹ̀wé, ta ló já yín sí ìhòòhò?” Ẹ̀gbọ́n ní, “Ọmọ tuntun ni mo fi aṣọ bò.” Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a to lẹ́tà òjé tí a fi ń tẹ̀wé sí tẹ́lẹ̀ ni a gbé e kalẹ̀ sí. Ògiri ibẹ̀ ṣì dúdú. Gbogbo lẹ́tà náà ni Ẹ̀gbọ́n ti tà fún àwọn tó ń yọ́ òjé ní Ìdí-Òrò, kí owó kọ̀ǹpútà lè pé. Mo sọ fún wọn nígbà náà pé kí á yọ Ẹ, Ọ àti Ṣ sọ́tọ̀, nítorí ìwé ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà tí Bàbá Oyèwọlé fẹ́ kí á tẹ̀. Wọ́n ní ta ló ń ra mọ́tò tó tún ń tọ́jú pátákò ẹṣin. Àwọn Ẹ àti Ọ náà ti di orí bátìrì báyìí.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kẹjọ

Bàbá Oyèwọlé wá láti Súrùlérè wá wo ẹ̀rọ tí yóò tẹ ìwé wọn. Àǹtí Salome, ọmọ wọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà, ló fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé. Bàbá kọsẹ̀ lára àpótí ìjókòó, wọ́n sì bú àpótí náà bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró síbẹ̀ ni. Tíṣà ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ti ṣe tíṣà rí kì í gbà pé nǹkan lè ṣèèṣì.

Ojú ọ̀tún wọn ti kú láti ọdún tó kọjá. Ti òsì náà ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, bí ilẹ̀kùn tí ẹnìkan rọra ń tì. Dókítà ní èyí tó bá ti lọ kò ní padà mọ́.

Mo tẹ A kan, mo sọ ọ́ di ńlá títí ó fi kún ojú gíláàsì. Bàbá tẹ̀ síwájú títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. “Mo rí i. Salome, mo rí i! Ó yá, fi àmì sí i.”

Mo ní àmì kò tíì wọlé, pé ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni yóò mú un wá.

“Ìwé Ìjẹ̀ṣà tí kò lámì, ìwé adití ni. Ìgbà tí irun mi ṣì dúdú ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ. Àwọn tó sọ wọ́n fún mi ti kú tán. Bí mi ò bá fi ojú ara mi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ lẹ́yọ kó tó dójú ẹ̀rọ, irọ́ ni ẹ ó tẹ̀.”

Mo ní tí ojú kò bá gbà, mo lè máa kà á sí wọn létí.

“Ìwọ? Ará oko Ìbàdàn? Ìwọ tó ń pe iṣu ní isu? Kí lorúkọ rẹ?”

“Ṣàíbù, sà.”

“Ẹ gbọ́! ‘Sàíbù’ ló pè é. Kò lè pe orúkọ ara rẹ̀, ó fẹ́ ka ìwé mi.”

Àǹtí Salome ní kí n má bínú. Mo ní mi ò bínú. Mo bínú.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Ambrose wá, ọmọ Ìbínní tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Yábàá. Ó kó dísìkì Windows wá, ó ń tì wọ́n bọ ẹnu ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì nígbà tí NẸ́PÀ múná lọ. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ náà kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ambrose tún bẹ̀rẹ̀ láti orí, ṣùgbọ́n kò lè dúró parí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú lánàá, ọkọ̀ Ìbínní ló fẹ́ bá.

Ó fi gbogbo dísìkì sílẹ̀ fún wa, àti méjì tó jẹ́ ti ètò àmì, èyí tí yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè kọ Ẹ, Ọ, Ṣ àti àmì ohùn. Ó kọ nọ́ńbà kan sára bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn. “Ẹ̀gbọ́n, tó bá kù díẹ̀ kó wọlé tán, ó máa bi yín ní nọ́ńbà yìí. Bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Na as I write am o.” Ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀gbọ́n fún un ní owó ọkọ̀, ó sì sáré lọ.

Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Windows kọ̀. Dísìkì karùn-ún ló bàjẹ́: ẹ̀rọ náà ń kùn lórí rẹ̀ bí ajá tó rí àlejò, yóò sì sọ pé òun kò lè kà á. Mo bi Teslim, tí àwa méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́, ibi tó kó wọn sí. Orí gbohùngbohùn rédíò ni. Mo ní òòfà wà nínú gbohùngbohùn, òun ló bà á jẹ́. Ó ní ta ló sọ fún mi. Mo ní gbogbo rédíò tó bàjẹ́ lábúlé wa, èmi ni mo tú u wò.

Òjò láti àárọ̀. Burẹ́dì tún ti wọ́n sí i.

Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Mo rí dísìkì karùn-ún mìíràn yá lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ ìwé ìsìnkú ní Ìtirẹ́. Windows wọlé! Ó kọrin kékeré kan. Ẹ̀gbọ́n fò sókè.

Mo ti ètò àmì bọ̀ ọ́ lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́, ó ya àpótí funfun kan sójú gíláàsì, ó ní ètò náà ti ṣe ohun tí kò bófin mu, òun yóò sì tì í pa. Ẹ̀gbọ́n kà á. Ojú wọn yí padà.

“Kò bófin mu? Àwa? Nínú ìjọba ológun yìí?” Wọ́n fa wáyà yọ, wọ́n da aṣọ bò ó, wọ́n sì lọ wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnìkan ń bọ̀. “Ṣàíbù, kí ni ìwé Bàbá yẹn sọ gan-an?”

Mo ní orúkọ igi àti ewébẹ̀ ni.

“Igi wo?”

Ó gba gbogbo ọ̀sán kí wọ́n tó jẹ́ kí n ká aṣọ náà.

Jímọ̀ọ́, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Ààyè ni kò tó nínú ẹ̀rọ, òun ló fa wàhálà ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo pa gbogbo eré káàdì tí Teslim ń ta rẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi jà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ́ mo tún ètò àmì gbé sí i. Ó wọlé, ó wọlé, ó wá dúró. Ó bèèrè nọ́ńbà.

Ohun tí Ambrose kọ rèé:

OSỌṢ 7OṢS

Kò sí Ọ lára bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Kò sí Ṣ. Mo tẹ O àti S lásán. Ó kọ̀. Mo tẹ O, mo fi àmì ìdánudúró tẹ̀ lé e. Ó kọ̀. Tó bá ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń jù wá síta ni, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti dísìkì kìn-ín-ní.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Ètò àmì ni, ó yẹ kí nọ́ńbà rẹ̀ lámì.”

“Ẹ̀gbọ́n, inú rẹ̀ ni Ọ wà. Báwo la ṣe fẹ́ fi Ọ ṣílẹ̀kùn ibi tí Ọ wà?”

Wọ́n ronú. “Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé, ilé sì wà ní títì.”

Teslim ní, “Ẹ fi báírò kọ ọ́ sójú gíláàsì.” Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ajé, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Yábàá. Ṣọ́ọ̀bù Ambrose wà ní títì. Ìyá tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kò tíì dé, pé òkú àwọn ará Ìbínní kì í tètè wọlẹ̀. Mo bi í bóyá tẹlifóònù wà lọ́hùn-ún. Ó ní abúlé tí wọ́n ti bí Ambrose, bóyá ni iná pàápàá ń dé ibẹ̀.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Àǹtí Salome dé, àwọn nìkan. Wọ́n ní Bàbá da tíì sórí tábìlì láàárọ̀, wọ́n rò pé ife ni àwọn ń dà á sí. Wọn kò gbà pé ojú ni. Wọ́n ní ife náà ni kò dúró dáadáa.

“Ṣàíbù, ìgbà wo ni àmì máa wọlé?”

Mo ní, “Mo ń bọ̀ lọ́la.” Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ lóòótọ́. Mo tẹ àwọn ọ̀rọ̀ A jáde láìlámì, ní lẹ́tà gàdàgbà, ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin sí ojú bébà kan. Mo fi màákà dúdú fi àmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí Bàbá ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ọwọ́ wọn. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo fi ṣe ohun tí kò kún ojú ewé kan nínú ìwé náà.

Bàbá gbé bébà súnmọ́ ojú òsì, wọ́n ń yí orí kiri bí adìyẹ tó ń wá àgbàdo. Wọ́n ń rí i! Wọ́n rí àṣìṣe mi méjì. “Ohùn òkè lo fi síbí. Òkè wo? Ṣé o fẹ́ kí ìyá mi jí dìde láti wá bú ẹ ni?”

Mo ní tó bá jẹ́ pé bí a ó ṣe máa ṣe é nìyí, kí á bẹ̀rẹ̀ láti U. Ibẹ̀ ni Ìjẹ̀ṣà gan-an wà. Ohun tí àwa ń pè ní ilé, ulé ni wọ́n ń pè é, igi, ugi. Àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí níbòmíràn, U ló kó wọn. Bàbá fúnra wọn ló ti sọ ọ́ fún wa pé U ni ọkàn ìwé náà.

“Ìwé kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìrù.”

“Bàbá, ojú yín ń—”

“Mo ní ìwé kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìrù! Ilé ìwé wo lo lọ?”

Mo ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé wa, abẹ́ igi ọdán. Wọ́n ní ó hàn.

Ajé, 23 Oṣù Kẹsàn-án

A ti parí A. Màákà mẹ́ta ti gbẹ. Ní òwúrọ̀ mo ń fi àmì sí i, ní ọ̀sán mo ń gbé e lọ Súrùlérè, tí mo bá dé mo ń bá nọ́ńbà Ambrose jà. Lónìí mo gbìyànjú láti fi ìlà kékeré sẹ́yìn lẹ́tà. Ó kọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi àmì ohùn sí i, pé bóyá orúkọ ènìyàn ni. Ó kọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Teslim ti lọ sí Ṣómólú, ibi tí ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun kò lè máa bá afọ́jú kan àti aṣiwèrè méjì jókòó. Mo gbá a létí. Ẹ̀gbọ́n ní kí n lọ tọrọ àforíjì. Mo lọ, ṣùgbọ́n mi ò tọrọ rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí mo dé, Ẹ̀gbọ́n ń fi ìgbálẹ̀ fá abẹ́ tábìlì. Mo rò pé ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá. Lẹ́tà òjé ni wọ́n ń wá. Wọ́n rí Ẹ kan, ó ti tẹ̀. Wọ́n fi sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ń wò ó. “O sọ fún mi, Ṣàíbù.” Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Ní Ìdó, lọ́jọ́ tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tí mi ò mọ ẹnì kankan l’Ékòó, àwọn ni wọ́n bá mi gbé àpótí pákó mi. Tí ilé ìtẹ̀wé yìí bá wó, orí mi ni yóò kọ́kọ́ bà.

Àìkú, 29 Oṣù Kẹsàn-án

A parí D. A wọ E. Bàbá gbé bébà náà súnmọ́ ojú títí ó fi kan ìpéǹpéjú wọn, wọ́n ní màákà mi ti ń gbẹ, pé kò dúdú tó. Tuntun ni màákà náà. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Mo máa ra òmíràn, sà.”

Nígbà tí mo ń lọ wọ́n ní, “Ará oko.” Mo dúró. “U jìnnà sí ibí, àbí?”

Mo ní kò jìnnà.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹwàá

Jẹ́ kí n kọ eléyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo lọ Yábàá láàárọ̀. Ìyá oníkásẹ́ẹ̀tì rí mi, ó pàtẹ́wọ́. “Ọmọ yìí, ẹsẹ̀ rẹ kò dára o. Ó wá lánàá, ọjọ́ ìsinmi. Ó kó irinṣẹ́ díẹ̀, ó tún ti padà. Wò ó, ó kọ nǹkan sílẹ̀kùn.”

Ṣọ́ọ̀kì funfun ló fi kọ ọ́ sára irin:

ṢHỌP 5
CLỌṢED
10 ỌCT

Ẹ̀rín pa mí, bí inú ṣe ń bí mi tó. Mo ní, “Ẹ wo ọmọ Ìbínní, ó ń fi àmì sábẹ́ Òyìnbó.” Ìyá náà kò rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní ìlà lásán ni.

Mo tún un wò. O tó wà nínú 10 kò ní ìlà. O tó wà níwájú CT ní ìlà. Roboto ni àwọn méjèèjì, bí ẹyin kan náà. Márùn-ún tó kọ rí bí S gẹ́lẹ́, kò sì ní ìlà. S inú SHOP ní.

O tí kò ní ìlà, òdo ni. S tí kò ní ìlà, márùn-ún ni. Ó fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà kí á má baà ṣì í mú fún nọ́ńbà. Kò sí Ọ kankan níbẹ̀. Kò sí Ṣ. Kò fìgbà kan sí. Ọmọ Yorùbá ni ojú wa, ohun tó mọ̀ ló rí.

Mi ò dúró de ọkọ̀. Mo sáré láti Yábàá dé Musin. Ẹ̀gbọ́n ní, “Ta ló kú?” Mi ò dáhùn. Mo tan ẹ̀rọ, NẸ́PÀ kò sì ṣe mí ní ibi kankan lónìí. Mo tẹ òdo, márùn-ún, O, S, méje, òdo, S, márùn-ún.

Ó ṣí.

Ẹ̀gbọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n ní Alihamudulilai. Mo tẹ Ọ kan, mo sọ ọ́ di ńlá títí ó fi kún ojú gíláàsì. A jọ ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n fi ìka nu àmì abẹ́ rẹ̀, bóyá yóò parẹ́. Kò parẹ́.

Lọ́la a ó gbé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ bá Bàbá. Kò sí màákà mọ́. U ni mo máa kọ́kọ́ ṣí, ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n wí.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá

A yá ọkọ̀ akẹ́rù àwọn mẹkáníìkì. Orí itan mi ni mo gbé gíláàsì sí títí dé Súrùlérè. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Aládùúgbò ní wọ́n ti gbé Bàbá lọ Ìdí-Àràbà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àǹtí Salome jáde sí wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ Bàbá, wọ́n wá ń bì, ojú náà le bí òkúta. Àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Àǹtí kò sunkún. Wọ́n ní, “Ó ti tì, Ṣàíbù.”

Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ náà gan-an ni Ambrose dúró níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Mo wọlé. Ojú Bàbá méjèèjì là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kankan tí wọ́n ń wò.

“Òórùn inki. Ará oko ni.”

“Èmi ni, sà. Bàbá, àmì ti wọlé.”

Wọ́n wá ní, “Ó dára. Fi han ọ̀gá rẹ.”

A gbé ẹ̀rọ náà padà sí Musin.

Jímọ̀ọ́, 4 Oṣù Kẹwàá

Mi ò tẹ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Ambrose dé, orí fífá, aṣọ dúdú. Mo ti pinnu láti ilé pé n óò nà án. Nígbà tí mo rí orí rẹ̀, mi ò lè ṣe é mọ́. Mo kàn gbé dísìkì náà sí i lójú, mo fi ìka kan Ọ àkọ́kọ́.

“Kí lèyí?”

“O. Mo fa ìlà sí i kí ẹ má baà rò pé òdo ni.”

“Ta ló ń fa ìlà sábẹ́ O?”

“Bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé nìyẹn.”

“Níléèwé tiwa, Ọ nìyẹn.”

Ó wo dísìkì. Ó wò mí. Mo rí ìgbà tó yé e. Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó tí Bàbá bú níjelòó. “Chai. Ètò àmì Yorùbá, mo sì lọ...” Kò parí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ra mínírà fún un. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò rí ẹni tí òun lè bá wí: ẹni tó kọ ọ́ kọ ọ́ dáadáa, ẹni tó kà á kà á dáadáa.

Mo ní ìyẹn ò ṣe Bàbá láǹfààní.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Mò ń fi àmì sí gbogbo ìwé náà, bó ṣe wà nínú ìwé ọwọ́ Bàbá. Mi ò mọ ẹni tí mò ń ṣe é fún. Mò ń ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Bàbá ti padà sílé. Wọ́n ránṣẹ́ láti ọwọ́ Àǹtí Salome: kí ará oko wá, kó mú U dání.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́tà kéékèèké bí ti ìwé gidi, gbogbo àmì ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo dé, orí àga ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n jókòó sí, wọ́n kọjú sí ògiri. Wọ́n na ọwọ́. Mo fi bébà sí i. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún mi.

“Kà á.”

“Ẹ ní ẹnu mi ò—”

“Mo mọ ohun tí mo ní. Kà á.”

Mo kà á. Mo ń rọra kà á, mò ń wo àmì kí n tó la ẹnu. Wọ́n ń dá mi dúró: “Padà.” “Ohùn àárín ni yẹn.” Níbi kan mo pe Ṣ ní S, wọ́n sì fẹsẹ̀ janlẹ̀. Àṣìṣe mẹ́ta ni wọ́n fi etí mú, mo sì fi báírò kọ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì ni mo bá ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́ rí láyé mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ti Bàbá ni, inú ìwé wọn ni yóò ti kọ́kọ́ jáde. Mo wo àmì rẹ̀: dò, dò, mí. Mo pè é.

Bàbá kò sọ pé padà. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́.

“Níbo lo ti gbọ́ ọ?”

“Mi ò gbọ́ ọ rí, sà. Bí ẹ ṣe fi àmì sí i ni mo ṣe pè é.”

“Ìyá ìyá mi ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.” Omi ń jáde lójú wọn méjèèjì. Mi ò mọ̀ bóyá oògùn ni. “Tún un pè.”

Mo tún un pè.

“Tún un pè.”

Mo pè é títí Àǹtí Salome fi yọjú láti ilé ìdáná wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn Bàbá nu ojú, wọ́n gún ẹ̀yìn wọn. “Ó tó. Kó U kúrò níbẹ̀. Ibo ni ojú mi já wa sí?”

Mo ní, “E, sà.”

“Padà sí E. Ìwé kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìrù.”